Bọ́ọ̀lù ṣáà ni bọ́ọ̀lù? Àlàyé lórí òṣùwọ̀n tó dọ́gba níbi gbogbo

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló dá a sílẹ̀. Ó kọ àkọlé iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ sórí WhatsApp ẹbí wa, ó ní ká bá òun dúpẹ́, olùkọ́ òun ti fọwọ́ sí i. Bí a bá tú àkọlé náà sí Yorùbá, ohun tó wí ni: òṣùwọ̀n tó dọ́gba níbi gbogbo lórí bọ́ọ̀lù. Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ fèsì: "Bọ́ọ̀lù kẹ̀? Pẹ̀lú gbogbo owó tí mò ń san yìí?" Màmá àgbà fi ohùn ránṣẹ́ pé ká jẹ́ kí ọmọ ṣe èyí tó bá wù ú, bó bá ṣáà ti lè jáde lọ́dún yìí. Ṣùgbọ́n àǹtí wa kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Akẹ́sán, ní Ọ̀yọ́, òun ló béèrè ọ̀rọ̀ gidi: "Bọ́ọ̀lù ṣáà ni bọ́ọ̀lù. Ó rí roboto, ó parí. Kí ló tún kù tí wọ́n fẹ́ wọ̀n lára rẹ̀?"

Ọmọ náà sáré pè mí. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣàlàyé fún wọn. Ẹ̀yin lẹ ń kọ́ ọmọ ilé ìwé." Lóòótọ́, ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ ìṣirò ní Ọ̀yọ́, mo sì mọ̀ pé ìbéèrè àǹtí wa kì í ṣe ti òpè. Ó gba àwọn àgbà onímọ̀ ìṣirò ní ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí wọ́n tó dáhùn rẹ̀ délẹ̀.

## Kí ni bọ́ọ̀lù, kí ni òṣùwọ̀n?

Ẹ jẹ́ ká mú bọ́ọ̀lù ná. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ gbàgbé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Awọ ìta nìkan là ń sọ, bí igbá tí wọ́n ti ha inú rẹ̀ mọ́ tónítóní. Èèrà tó ń rìn lórí awọ yẹn ní ọ̀nà méjì péré: síwájú-sẹ́yìn, tàbí sọ́tùn-ún-sósì. Kò lè fò, kò lè wọlẹ̀. Mo máa pè é ní bọ́ọ̀lù ọ̀nà méjì. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn, torí bọ́ọ̀lù ọ̀nà mẹ́ta ń bọ̀.

Òṣùwọ̀n ló máa ń da ojú ọ̀rọ̀ rú. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí nǹkan bá ti ní ìrísí, ìwọ̀n rẹ̀ ti wà nínú ìrísí náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo àwòrán ayé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri kíláàsì. Lórí bébà yẹn, Greenland fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó gbogbo Áfíríkà. Lórí ilẹ̀, Áfíríkà tó Greenland lọ́nà mẹ́rìnlá. Bébà náà ò purọ́ o, bí ẹ bá ti mọ òfin tó ń tẹ̀ lé: níhìn-ín, ìbú ìka kan dúró fún kìlómítà báyìí, lókè lọ́hùn-ún, ìbú ìka kan náà dúró fún èyí tó kéré sí i dáadáa. Òfin yẹn, tó ń sọ bí ìṣísẹ̀ kékeré kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó, níbi kọ̀ọ̀kan, sí ìhà kọ̀ọ̀kan, òun ni òṣùwọ̀n. Bébà kan náà lè gba òfin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bọ́ọ̀lù kan náà pẹ̀lú.

Òṣùwọ̀n ò sì ní láti jẹ́ ti téèpù. Ọlọ́kadà mọ̀ ọ́n. Owó tó máa gbà láti gun òkè gegele kì í ṣe owó tó máa gbà lórí ilẹ̀ títẹ́jú, bí ọ̀nà méjèèjì bá tiẹ̀ gùn bákan náà. Epo tó máa jó ló fi ń wọn ọ̀nà. Ìlú ò yí padà. Òṣùwọ̀n ló yí padà.

Ẹni tó kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ gbangba ni Bernhard Riemann, ará Jámánì, nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe ní Göttingen lọ́jọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 1854. Ọmọ ọdún 27 ni. Kókó mẹ́ta ló mú lọ pé kí Gauss, ọ̀gá wọn, mú ọ̀kan, Gauss sì mú ìkẹta, èyí tí ọmọ náà ò fi bẹ́ẹ̀ múra sílẹ̀ fún. Ẹni tó bá ti dúró níwájú àwọn tó ń dán an wò rí á mọ bó ṣe máa rí nínú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

## Kí ló túmọ̀ sí pé ibi gbogbo dọ́gba?

Ẹ dijú. Mo yí bọ́ọ̀lù funfun kan tí kò ní àmì kankan lára. Ẹ lajú. Ṣé ẹ lè mọ̀ pé mo fọwọ́ kàn án? Bí ẹ kò bá lè mọ̀, irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní símẹ́tírì: a ti yí i, ṣùgbọ́n gbogbo ìwọ̀n tó wà lára rẹ̀ dúró bó ṣe wà. Bí símẹ́tírì bá wá pọ̀ lára nǹkan débi pé a lè fi gbé ibikíbi lọ síbikíbi, a jẹ́ pé ibi gbogbo dọ́gba nìyẹn. Èèrà tó sùn níbì kan, tí wọ́n gbé lójú oorun, tó jí níbòmíràn tó sì fa téèpù yọ, kò ní mọ̀ pé òun ti kúrò níbi tí òun wà.

Ayé tí à ń tẹ̀ yìí ò rí bẹ́ẹ̀. Láti àárín rẹ̀ dé ìlà agbedeméjì ayé jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 6,378. Láti àárín dé òpó àríwá jẹ́ 6,357. Ó fẹ̀ ní ìbàdí díẹ̀, bí ìkòkò tó jókòó. Ní 1735, ìjọba Faransé rán àwọn onímọ̀ lọ sí ìhà Quito ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Ọdún kejì, wọ́n rán àwọn mìíràn lọ sí Lapland, ní ìpẹ̀kun àríwá Yúróòpù, níbi tí òtútù ti ń pa èèyàn. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n bẹ̀ wọ́n: ẹ lọ wọn dígírì kan lórí ilẹ̀, láti gúúsù sí àríwá. Ti Lapland gùn ju ti Quito lọ. Lónìí a mọ̀ pé ó jẹ́ bíi kìlómítà 110.6 nídìí ìlà agbedeméjì, àti 111.7 nítòsí òpó. Ìyàtọ̀ ọ̀hún ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó tó láti tú àṣírí: èèrà olóye tí téèpù rẹ̀ péye lè mọ̀ bóyá ẹ̀gbẹ́ òpó ni òun wà.

Ẹ wá fara balẹ̀ níbi tí mo ti máa ń rí i tí ojú àwọn èèyàn ń ṣú. Pé ibi gbogbo dọ́gba kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú pé ìhà gbogbo dọ́gba. Ẹ ro páìpù omi kan tó gùn lọ láìlópin. Ibi yòówù kí èèrà dúró sí lára rẹ̀, kò yàtọ̀ sí ibòmíràn. Ṣùgbọ́n bó bá rìn yí páìpù po, á padà sí ibi tó ti gbéra. Bó bá rìn tọ páìpù lọ, ó dìgbóṣe. Ibi gbogbo dọ́gba, ìhà gbogbo ò dọ́gba. Ìbéèrè tó wà nídìí iṣẹ́ ọmọ wa nìyí: ṣé bọ́ọ̀lù náà lè ṣe irú èyí? Ṣé a lè fún un ní òṣùwọ̀n tí kò ní ṣe ojúsàájú ibì kankan, ṣùgbọ́n tó máa ṣe ojúsàájú ìhà?

## Kí ló dé tí bọ́ọ̀lù ọ̀nà méjì kọ̀?

Fún bọ́ọ̀lù tí à ń gbá, ìdáhùn ni rárá. A lè sọ ọ́ di ńlá tàbí kékeré, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdí rẹ̀ wà nínú ohun tí Gauss rí ní 1827. Ó fi hàn pé èèrà lè wọn bí awọ ṣe tẹ̀ sí láì kúrò lórí awọ náà. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ìtẹ̀. Lórí ohun ọ̀nà méjì, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ìtẹ̀ ní níbi kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà kan ò sì ní ìhà, kò lè sọ pé "mo pọ̀ ní ìlà oòrùn, mo kéré ní àríwá." Bí ibi gbogbo bá wá dọ́gba, nọ́ńbà kan náà ló máa wà káàkiri, bọ́ọ̀lù tí ìtẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan náà káàkiri, bọ́ọ̀lù pípé ni.

Bí ìyẹn bá le, ẹ lọ bi onídìrí. Ká sọ pé a fẹ́ fa òṣùwọ̀n gùn sí ìhà kan níbi gbogbo. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yan ìhà kan níbi gbogbo, bí ẹni tó ń ya irun tó sì ń pinnu ibi tí irun kọ̀ọ̀kan máa dojú kọ. Bó bá di ṣùkú, gbogbo irun ń lọ sí àárín orí, ibẹ̀ gan-an ni irun ò ti mọ ìhà tó máa kọ sí. Bó bá di kólẹ́sẹ̀, irun gba iwájú lọ sẹ́yìn, ó dé ọrùn, ó bọ́ sílẹ̀, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n orí ní ọrùn, bọ́ọ̀lù ò ní. Bí irun bá bo bọ́ọ̀lù yí ká, bó ti wù kí onídìrí mọ iṣẹ́ tó, ó kéré tán ibì kan máa wà tí irun ti máa dà rú. Henri Poincaré ló fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1885 fún irú bọ́ọ̀lù yìí. Brouwer sì sọ ọ́ di ti gbogbo bọ́ọ̀lù tí iye ọ̀nà rẹ̀ ṣeé pín sí méjì ní 1912. Bí ibì kan bá sì ti dà rú tí ibòmíràn ò dà rú, ibi gbogbo ò dọ́gba mọ́.

## Báwo ni bọ́ọ̀lù ọ̀nà mẹ́ta ṣe rí?

Kò sẹ́ni tó lè yà á sórí bébà, ṣùgbọ́n kì í ṣe àlọ́. Bọ́ọ̀lù ọ̀nà méjì jẹ́ gbogbo nọ́ńbà mẹ́ta-mẹ́ta tó jẹ́ pé bí a bá sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara rẹ̀ tí a sì rò wọ́n pọ̀, á jẹ́ 1. Bí àpẹẹrẹ 0.6, 0.8 àti 0: 0.36 pẹ̀lú 0.64 pẹ̀lú 0. Fún bọ́ọ̀lù ọ̀nà mẹ́ta, ẹ mú nọ́ńbà mẹ́rin. Ìdajì, ìdajì, ìdajì, ìdajì: ìlọ́po ara ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdá mẹ́rin, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé ọ̀kan. Ibì kan lórí bọ́ọ̀lù náà nìyẹn.

Èmi ò fẹ́ràn nọ́ńbà fún irú àlàyé yìí. Igbá ni mo fẹ́ràn, ibi tí mò ń gbé sì ni mo ti rí i. Ẹ lọ jókòó ti ẹni tó ń fín igbá ní Ọ̀yọ́, kí ẹ wo ọwọ́ rẹ̀, ẹ má wo iṣẹ́ ọnà rẹ̀. Odidi igbá tí wọn ò tíì là wà lọ́wọ́ òsì, ọ̀bẹ ṣóńṣó wà lọ́tùn-ún. Ọ̀bẹ yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ rìn; igbá ló ń rìn. Nígbà mìíràn ó máa dà á síwájú tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ibòmíràn lè kọjú sí ọ̀bẹ. Nígbà mìíràn, ojú kan náà ló ń fín, ṣùgbọ́n ó ń lọ́ igbá po lábẹ́ ọ̀bẹ láti lè ya ìlà tó tẹ̀. Ibi tó kọjú sí ọ̀bẹ gba ọ̀nà méjì, torí ara igbá ni. Lílọ́ jẹ́ ọ̀nà kẹta. Àkójọ gbogbo bí igbá yẹn ṣe lè wà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ ohun ọ̀nà mẹ́ta.

Àkójọ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bọ́ọ̀lù ọ̀nà mẹ́ta. Mo ní "fẹ́rẹ̀ẹ́" torí ibi méjì lórí bọ́ọ̀lù náà ló dúró fún ìdìmú kan. Ó dà bí àsọdùn, àmọ́ ẹ gbé àwo lé àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ yí i gba abẹ́ abíyá láì jẹ́ kó dojú dé. Nígbà tí àwo bá yí po tán lẹ́ẹ̀kan, àwo ti padà sí bó ṣe wà, apá yín ti lọ́. Ẹ máa yí i lọ síhà kan náà, kó gba òkè orí lẹ́ẹ̀kejì. Apá tú. Ìyípo kan ò tó láti dá yín padà. Méjì ló tó. Ẹ má lo àwo tí ọbẹ̀ wà nínú rẹ̀.

## Ta ni Berger, kí ló sì ṣe sí bọ́ọ̀lù yìí?

Ẹ padà sọ́dọ̀ afíngbá wa. Ká sọ pé agbára la fi ń wọn ọ̀nà, bí ọlọ́kadà ṣe ń fi epo wọ̀n ọ́n. Lílọ́ igbá po, ọrùn ọwọ́ ló ń ṣe é, kò gba agbára. Dídà á síwájú tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo apá ló ń bá a gbé e. Nítorí náà, ìhà lílọ́ kúrú, ìhà dídà gùn. Ṣé ìdìmú kan wá sàn ju òmíràn lọ? Rárá, torí ọwọ́ ni ìnira ti wá, kò wá láti ara igbá. Igbá tí wọn ò tíì fín ò ní ojú tó ṣe pàtàkì ju ojú lọ. Ibi gbogbo dọ́gba, ìhà gbogbo ò dọ́gba. Ohun tí bọ́ọ̀lù ọ̀nà méjì kọ̀, èyí gbà.

Bí ẹ bá ń lọ́ igbá láì dà á, ẹ máa padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ipa ọ̀nà yẹn jẹ́ òrùka. Ojú kọ̀ọ̀kan lára igbá ní òrùka tirẹ̀. Heinz Hopf ló ṣàwárí ní 1931 pé gbogbo bọ́ọ̀lù ọ̀nà mẹ́ta ni irú òrùka yìí kún, láì sí ibì kan tó ṣẹ́ kù, òrùka méjì yòówù sì kọ́ ara wọn bí ojú ẹ̀wọ̀n. Irun tó dì láì dà rú níbì kankan nìyẹn. Ní 1961, Marcel Berger, ará Faransé, mú òrùka wọ̀nyẹn, ó sì yí gígùn wọn padà láì fọwọ́ kan ìhà yòókù. Bọ́ọ̀lù Berger ni wọ́n ń pè é títí dòní.

Mo fẹ́ kí ẹ rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìtẹ̀, torí ibẹ̀ ló ti dùn. Lórí bọ́ọ̀lù pípé, ìtẹ̀ jẹ́ 1 sí gbogbo ìhà. Bí a bá dín òrùka kù sí ìdajì gígùn rẹ̀, ìtẹ̀ tó bá òrùka lọ á já sí 0.25, èyí tó dá òrùka kọjá á sì gòkè dé 3.25. Nọ́ńbà méjì wọ̀nyí ò yí padà láti ibì kan sí ibòmíràn. Bí a bá ń dín òrùka kù títí ó fi fẹ́ pòórá, ti àkọ́kọ́ ń sún mọ́ òdo, èkejì ń sún mọ́ 4, bọ́ọ̀lù ọ̀nà mẹ́ta náà á sì máa jọ bọ́ọ̀lù ọ̀nà méjì kékeré kan lójú ẹni tó wò ó láti òkèèrè. Ìtẹ̀ rẹ̀ ò bú gbàù. Bí aṣọ tó ń sún kì láì ya ni.

## Ṣé ojú lè rí i?

Ó lè rí i. Ẹ mú ìwé tó nípọn díẹ̀, kí ẹ fi rọ́bà dè é kó má ṣí. (Ẹ má fi fóònù ṣe é, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti fi tirẹ̀ ṣe é, ó kábàámọ̀.) Ẹ jù ú sókè kó máa yí pẹrẹsẹ bí ìdérí ìkòkò: kò sí wàhálà. Ẹ jù ú kó máa yí bí ọmọ odó tí wọ́n ń yí nílẹ̀, ìyẹn yíká ìhà tó gùn jù: kò sí wàhálà. Ẹ wá dì í mú bí ẹni tó fẹ́ kà á, kí ẹ jù ú kí òkè rẹ̀ máa bọ̀ wá sísàlẹ̀. Bó ti wù kí ọwọ́ yín gún tó, á lọ́ ara rẹ̀ lójú òfuurufú. Mo ti ṣe é níwájú kíláàsì lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn ọmọ máa ń rò pé mo ní ọgbọ́n ọwọ́.

Bí ìwé ṣe dojú kọ lójú òfuurufú jẹ́ ibì kan lórí ohun ọ̀nà mẹ́ta tí a ń sọ. Kò sí bó ṣe lè dojú kọ tó yàtọ̀ sí òmíràn, ṣùgbọ́n agbára tí yíyí ń gbà yàtọ̀ sí ìhà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun roboto ní iye kan ṣoṣo, òun ni bọ́ọ̀lù pípé. Igbá olọ́rùn gígùn ní iye méjì, ti Berger nìyẹn. Ìwé ní iye mẹ́ta, èyí tó wà láàárín ló sì ń dà á rú. Louis Poinsot ti ṣàlàyé irú ìyípo yìí ní 1834. Ní 1985, Vladimir Dzhanibekov, arìnrìn-àjò òfuurufú ará Soviet, rí i lójú ọ̀run nínú Salyut 7, ibùdó wọn lójú òfuurufú, nígbà tí nọ́ọ̀tì kan tó tú ń yí lọ tó sì ń ṣàdédé dojú dé láti ìgbà dé ìgbà. Vladimir Arnold, ará Rọ́ṣíà, kọ ọ́ yékéyéké ní 1966: ohun tó ń yí láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, ọ̀nà tó tọ́ jù lọ lórí òṣùwọ̀n yìí ló ń tọ̀. Ìwé yín ò ya wèrè. Òun ń rìn tààrà ni.

## Mélòó wá ni gbogbo wọn?

Ẹ̀ka yìí gbẹ díẹ̀, mo máa yára. Ní 1943, Deane Montgomery àti Hans Samelson tọ ipasẹ̀ àwọn àkójọ símẹ́tírì tó lè gbé ibikíbi lórí bọ́ọ̀lù lọ síbikíbi; Armand Borel dí àlàfo tó kù. Ní 1982, Wolfgang Ziller ka òṣùwọ̀n tó ti ibẹ̀ jáde tán. Bí iye ọ̀nà bá ṣeé pín sí méjì, bíi 2, 4, 6, bọ́ọ̀lù pípé nìkan ló wà. Bó bá jẹ́ 5, 9, 13 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, a lè fa òrùka gùn tàbí ká dín in kù, kò jù bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ 7, 11, 15, òrùka tó wà nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀ lè jẹ́ bọ́ọ̀lù ọ̀nà mẹ́ta, tí àwa náà sì lè fà sí ìhà mẹ́ta bí ti ìwé. Bọ́ọ̀lù ọ̀nà 15 tún dá ní tirẹ̀: bọ́ọ̀lù ọ̀nà méje lè dúró nípò òrùka nínú rẹ̀. Lẹ́yìn 15, irú èyí ò tún sí mọ́.

Bọ́ọ̀lù ọ̀nà 15 yẹn ni iṣẹ́ ọmọ wa dúró lé. Nínú gbogbo òṣùwọ̀n wọ̀nyí, ó ń wá àwọn tí wọ́n ń pè ní ti Einstein: mú ìhà kan, ro gbogbo ìtẹ̀ tó gba ìhà yẹn kọjá pọ̀, bí àròpọ̀ náà bá jẹ́ ọ̀kan náà fún ìhà gbogbo, ó yege. Bọ́ọ̀lù pípé yege. Jensen rí òmíràn ní 1973 lórí àwọn 7, 11, 15. Bourguignon àti Karcher rí ọ̀kan sí i ní 1978, lórí 15 nìkan. Ziller ní mẹ́ta yẹn ló wà lórí 15, kò sí ìkẹrin.

Mo fi gbogbo èyí ránṣẹ́ sí àǹtí wa. Ó pẹ́ kó tó fèsì, mo rò pé oorun ti gbé e lọ. Ohùn rẹ̀ wá wọlé, ariwo ọjà lẹ́yìn rẹ̀: "Mo ti gbọ́ ti igbá. Mo ti gbọ́ ti irun. Kí ló wá dé tó jẹ́ 15 ló dá yàtọ̀?"

Ọmọ náà ló dáhùn kí n tó rí nǹkan tẹ̀: "Àǹtí, orí kẹta nìyẹn. Mi ò tíì kọ ọ́."